Àáró Tí Tíṣà Jethro Ṣe Lórí Àpáta

Ọ̀rọ̀ tí Tíṣà Jethro gbé mì lọ́dún tó kọjá kò dà nínú rẹ̀. Ó gbé e sùn, ó gbé e jí, ó gbé e lọ oko, ó gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì, títí ó fi di ọjọ́ tí kò lè gbé e mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jáde fún yín, nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń sọ ọ́ lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Friday, tíṣà kíláàsì kẹrin, ní orí bàbá náà ló dàrú. Ìyá Testimony, ìyàwó Jethro, ní Ẹ̀mí Ọlọ́run ló bà lé e. Hẹ́dímásítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn òbí lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé òtítọ́ ni, àmọ́ òtítọ́ náà rú mi lójú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé ohun mímu tí wọ́n gbé síwájú mi.

Abúlé wa, Òkè-Àpáta, ọ̀nà Kiri ló wà, ní agbègbè Kábà. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo la ní, tíṣà méje ló sì wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n to bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi kajú iwájú ilé-ìwé, torí pé Mádàámù Cecilia ń bọ̀ láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn tíṣà. Àmì-ẹ̀yẹ ló ń gbé bọ̀. Nínú gbogbo ilé-ìwé tí wọ́n fi kọ́ọ̀sì orí fóònù dá àwọn tíṣà wọn lẹ́kọ̀ọ́, tiwa ni wọ́n ní inú àwọn tíṣà dùn sí i jù. Ẹ gbọ́ mi o! Òkè-Àpáta tí kò níná, tí kò ní nẹ́tíwọ́kì àfi kéèyàn gun àpáta ẹ̀yìn ilé-ìwé, òun ló gbégbá orókè nínú kọ́ọ̀sì íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí ẹnì kan ti bi ara rẹ̀ léèrè bó ṣe jẹ́. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀. A pàtẹ́wọ́ ni.

Tíṣà Jethro ni igbákejì hẹ́dímásítà, òun ni wọ́n sì ní kó gba àmì-ẹ̀yẹ kó dúpẹ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀: "Ó dáa." Ọbẹ̀ jóná, ó dáa. Ìjì ká páànù kíláàsì lọ, ó dáa. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lọ́jà, ó dáa, a dúpẹ́. Gbogbo wa fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀, kí n má purọ́.

Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kíláàsì, kò jókòó. Ìdùnnúolúwa ni, tí gbogbo wa ń pè ní Ìdùnnú. Òun ni tíṣà keje tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi ìwé lé e lọ sí Makutu lọ́hùn-ún ní Yàgbà, bí ẹni ń bá ènìyàn wí. Bàbá rẹ̀ arúgbó wà ní Òkè-Àpáta níbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò ṣiṣẹ́ mọ́, Ìdùnnú nìkan ló bí. Ó ní láti wọ ọkọ̀ dé Kábà, kó wọ òmíràn dé Mopa, kó tún wọ òmíràn dé Makutu. Lọ́sẹ̀ tí bàbá bá ti ń ṣàárẹ̀, kì í lè lọ. Báyìí wọ́n ti pè é síwájú ìgbìmọ̀ ní Kábà, ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, kó wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní yọ ọ́ níṣẹ́. Ìwé ìjẹ́rìí ló wá tọrọ lọ́wọ́ hẹ́dímásítà lọ́jọ́ náà, ó bá wa nínú ayẹyẹ.

Jethro dìde. "Okun o," ó kí wa. "Okun," gbogbo wa dáhùn. Ó wo àmì-ẹ̀yẹ náà nínú gíláàsì rẹ̀, ó wo Ìdùnnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Mádàámù," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá nǹkan yẹn padà sínú báàgì yín. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, bí mo bá tún dákẹ́, ó máa pa mí. Inú dídùn tí ẹ kà jáde yẹn, èmi nìkan ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ fún ènìyàn mẹ́fà."

Hẹ́dímásítà, Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan, sáré rẹ́rìn-ín. "Mádàámù, ẹ má dá a lóhùn, tíṣà wa yìí fẹ́ràn àwàdà."

"Mi ò ṣàwàdà, sà," ni Jethro wí. Ó di ẹ̀yìn àga mú.

Kí n tó sọ ohun tó jẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sún un dé ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ó ṣubú lóko. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé e dé ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kábà, òógùn bo gbogbo ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Gift bi í pé, "Bàbá, níbo ló ń dùn yín?" Ó ní, "Kò síbì kan, ó dáa." "Ṣé ẹ ń mí dáadáa?" "Ó dáa." "Àyà yín ńkọ́?" "Ó dáa, ọmọ mi, a dúpẹ́." Gift sọ ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, inú bí i. "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kú lọ yìí, ẹ ń ní ó dáa. Kí lẹ fẹ́ kí n tọ́jú? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o! Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín!" Ìgbà náà ni Jethro gbé ọwọ́ lé àyà. Wọ́n rí i tọ́jú. Àmọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, kì í ṣe àyà rẹ̀ ló ń rò. Ìdùnnú ló ń rò. Ìdùnnú sọ ibi tó ń dùn ún lọ́dún tó kọjá, òun Jethro ló sì bò ó lẹ́nu.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí, bó ṣe sọ ọ́ fún wa lábẹ́ igi kajú, tó ń kó ara rẹ̀ mọ́ ọn tó ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Lóṣù kejì ọdún tó kọjá, ìwé dé láti òkè pé kí gbogbo tíṣà ṣe kọ́ọ̀sì lórí fóònù kí Àjíǹde tó dé. Kọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà ni. Ẹni tí kò bá ṣe é, kó gbàgbé ìgbéga. Oṣù kejì! Gbogbo ọmọ Òkè-Àpáta ló mọ ohun tó wà nílẹ̀ lóṣù kejì. Ebè ni. Kò sí tíṣà wa tí kì í ṣàgbẹ̀. Ọ̀sán kan ni wọ́n jọ gun àpáta, oòrùn ń jó wọn lórí, oníkálukú na fóònù sókè. Juliet tó ń kọ́ kíláàsì kejì yọ̀ ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Ibẹ̀ ni Friday ti sọ pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣebí àáró la fi ń ṣe oko? Lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Ẹ jẹ́ ká fi àáró ṣe kọ́ọ̀sì yìí. Tíṣà Jethro ló ní sùúrù fóònù. Kí ó bá gbogbo wa ṣe é, kí àwa náà bá a kọ ebè."

Gbogbo wọn ní ẹ̀hẹn, Friday lọ́pọlọ. Jethro náà ní ó dáa. Wọ́n kó fóònù wọn fún un, ó kọ nọ́ńbà àṣírí ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé pupa kékeré kan, tòun àti ọjọ́ tí ẹni náà kọ ebè fún un. Àtèyí tó jẹ́ ti hẹ́dímásítà. Ọ̀sán Sátidé, Jethro á kó fóònù mẹ́fà sínú agbọ̀n, á gun àpáta; àwọn márùn-ún yòókù á gbé ọkọ́, á lọ sóko rẹ̀. Ẹ wò ó, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ dá lẹ́bi níbẹ̀. Àáró ló tọ́ gbogbo wa dàgbà. Kò sí ẹni nínú wọn tó rò pé òun ń jalè. Wọ́n rò pé àwọn ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni.

Ìdùnnú nìkan ló kọ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá," ó sọ fún Jethro, torí pé Jethro ló kọ́ ọ ní kíláàsì kẹta nígbà tó wà lọ́mọdé. "Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ló wà níwájú mi, ìdajì wọn ò lè ka orúkọ ara wọn. Mo fẹ́ mọ nǹkan yìí fúnra mi." Friday fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní àìrìn jọ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ìdùnnú rẹ́rìn-ín, ó sì ń dá gun àpáta tirẹ̀ lọ. Ọ̀sán mẹ́sàn-án ló gùn ún. Fóònù rẹ̀ kò lágbára, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìkan ló ń jáde, fídíò kan ò ṣí.

Ibi tó tún rú mi lójú rèé. Jethro ṣe kọ́ọ̀sì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbà àkọ́kọ́, ó ń ṣépè. Nígbà kejì, ó ń sùn. Nígbà kẹta, ó gbọ́ ohun tí obìnrin inú fídíò ń sọ gan-an: pé kí wọ́n má kàn jẹ́ kí ọmọ máa ké álífábẹ́ẹ̀tì bí orin, kí wọ́n jẹ́ kó gbọ́ ìró lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó so ìró mọ́ ìró. Ó dán an wò ní kíláàsì kìíní tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ kan tí kò mọ ohunkóhun dìde, ó ka "bàtà" lójú pátákó. Jethro dá rẹ́rìn-ín lórí àpáta bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. Ogún ọdún ó lé tó ti ń kọ́ni, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un rí. Ṣé ó wá sọ fún ẹnikẹ́ni? Kò sọ. "Wọn ò béèrè," ó wí lọ́jọ́ náà, ó sì fi ọwọ́ gbá ẹnu ara rẹ̀. "Ìdùnnú béèrè. Mi ò sọ fún òun náà."

Nígbà tí kọ́ọ̀sì parí, ìbéèrè jáde: ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ yìí tẹ́ ọ lọ́rùn? Wọ́n ní kó yan ìràwọ̀, láti orí ọ̀kan dé márùn-ún. Jethro fún tirẹ̀ ní márùn-ún, òótọ́ inú rẹ̀ sì ni. Ó gbé fóònù Juliet. Kí ni kó tẹ̀? Juliet ò rí nǹkankan nínú ẹ̀kọ́ náà. Àmọ́ inú Juliet dùn pé òun ò gun àpáta. Márùn-ún. Friday, márùn-ún. Hẹ́dímásítà, márùn-ún. Ẹ ẹ̀ ṣá lè ṣe àáró lóko ẹni kí ẹ tún máa ní ọbẹ̀ rẹ̀ ò níyọ̀. Bó ṣe rò ó nìyẹn: wọ́n gbé ẹ̀kọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó parí síbẹ̀.

Ìdùnnú yan ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ó kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, ó fi orúkọ sí i: "Fídíò kò ṣí. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ènìyàn kan wá kó jókòó sí kíláàsì mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó fi hàn mí." A máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ nígbà náà pé Ìdùnnú gan-an ni inú rẹ̀ kò dùn. Ẹ̀rín yẹn kò dùn mọ́ mi lẹ́nu báyìí.

Jethro dúró nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó béèrè omi. Ìyá Testimony gbé omi fún un, ó wò ó, kò mu ún. "Ibi tó burú jù ló kù," ó wí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó wà lórí àpáta nígbà tí fóònù dún. Ohùn ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ni. Ó ní, "Tíṣà, ẹni mẹ́fà nínú yín yan márùn-ún. Ẹnì kan yan ọ̀kan, ó ní fídíò ò ṣí lọ́dọ̀ yín. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, a máa wá wádìí bí ẹ̀yin yòókù ṣe rí i ṣe." Lọ́jọ́ yẹn náà, àwọn yòókù wà lóko rẹ̀, ebè tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ. Bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ, Ìdùnnú yọ láti ìsàlẹ̀, ó ń gun àpáta bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Bàbá, okun o. Ẹ kú iṣẹ́." Jethro juwọ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó wá sọ sínú fóònù pé, "Irọ́ ló ń pa, sà. Kò gun àpáta rí. Ọ̀lẹ ni, ó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa." Ọkùnrin náà ní kó fi ìwé ránṣẹ́ lórí ẹ̀. Ó ní ó dáa.

Ìdùnnú kò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Ó ṣí ìgò omi tó gbé gun òkè, ó nà án sí i. "Omi rèé, Bàbá. Oòrùn yìí pọ̀ jù fún yín." Jethro gbà á, ó mu ún. Ó mu ún tán.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Jethro wà lọ́jà, òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ orí ọmọ. Ó kọ ìwé náà, hẹ́dímásítà tọwọ́ bọ̀ ọ́, kò tó oṣù méjì tí wọ́n fi gbé Ìdùnnú lọ sí Makutu. Jethro sì wa iṣu lọ́dún náà, irú èyí tí kò wa rí.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ bá mi wo bí ibẹ̀ ṣe dà. Ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kígbe "Halelúyà!", ó rò pé ìjẹ́rìí ni. Juliet fi ìró bojú, ó ń sunkún. Friday fò dìde, ó ní, "Àáró la ṣe! Ṣé àáró ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?" Hẹ́dímásítà ń tẹ́ ọwọ́ sí Mádàámù Cecilia pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ilé ìwòsàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mádàámù fúnra rẹ̀ gbé àmì-ẹ̀yẹ dání bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ, kò mọ ibi tó fẹ́ gbé e kà.

"Bàbá, kò yé mi," ó wí. "Ṣé kọ́ọ̀sì náà ni kò dáa?"

"Ó dáa, mádàámù."

"Ó dáa? Kí lẹ wá ń jẹ́wọ́?"

Jethro họrí. "Lọ́dọ̀ mi, ó dáa. Lọ́dọ̀ Ìdùnnú, kò dáa. Lọ́dọ̀ àwọn yòókù, mi ò mọ̀, wọn ò rí i rí. Mádàámù, èmi náà ti dàrú. Mi ò mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí nìkan ni mo mọ̀. Ó parí sí orí ọmọbìnrin yẹn."

Gbogbo wa yíjú sí ògiri. Ìdùnnú kò pariwo. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. "Bàbá, ọjọ́ tí mo fún yín lómi yẹn ni?"

"Ọjọ́ yẹn ni."

Ó mú báàgì rẹ̀, ó sì lọ. Mádàámù Cecilia ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò tó níwájú ìgbìmọ̀, pé kí Jethro mú ẹ̀rí wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Jethro ní òun ní ìwé pupa kan.

Àárọ̀ Sátidé, hẹ́dímásítà àti Friday ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Jethro, sun ìwé yẹn," ni hẹ́dímásítà wí. "Orúkọ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ṣé tìẹ nìkan ni? Juliet ń tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ìwọ lo purọ́ lórí fóònù, kò sí àwa níbẹ̀." Òótọ́ ló sọ, ohun tó ń pa Jethro náà nìyẹn. Friday ní, "Bàbá, bí ìtọ́jú ebè yín ló ń dùn yín, ẹ sọ, a ó wá ro ó fún yín." Wọ́n lọ. Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Kí ni kí n ṣe?" Ìyá Testimony ní, "Ṣé mo mọ̀? Nígbà tó o ń kó fóònù kiri, o bi mí ni?"

Ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gun àpáta, ó ń sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nítorí àyà rẹ̀. Ó ṣí kọ́ọ̀sì náà, ó ní bóyá òun lè yí ìdáhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà kí òun má bàa kó bá ẹnikẹ́ni. Fóònù ní: O ti dáhùn ìbéèrè yìí. A dúpẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. A dúpẹ́. Ó jókòó sórí òkúta gbígbóná, ó mú ìwé pupa jáde, ó ní kí òun ya ojú ewé àwọn yòókù, kó ku tòun. Àmọ́ bó bá ku tòun nìkan, tí wọ́n bá rí i pé ẹnì kan ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀, níbo ni irọ́ wà níbẹ̀? Kí ni yóò gba Ìdùnnú? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá, wọ́n kàn ò sọ fún wa pé bí òtítọ́ bá ń sáré bọ̀ báyìí, ó máa ń tẹ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó yà nílé ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn, ó dúró níta, ó ní, "Màá gbé e lọ lódindi. Ẹ bínú sí mi." Wọ́n sì bínú sí i.

Ní Kábà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ìdùnnú jókòó sápá kan, Jethro sápá kejì. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì níwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n ṣí i, wọ́n wo ara wọn lójú. Olórí wọn bi í pé ṣé ó mọ̀ pé èyí lè dá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dúró. Ó ní òun mọ̀. Wọ́n ní kí ló fẹ́ kí àwọn ṣe.

"Ẹ dá ọmọ yìí padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀," ó wí. "Lẹ́yìn náà, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì kéré, tí wọ́n bá bi yín pé ṣé nǹkan tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fọwọ́ kan àyà yín kí ẹ tó dáhùn. Bí ẹ bá fi ọpẹ́ bo ibi tó ń dunni, ẹlòmíràn ló máa kú ikú rẹ̀." Ó jókòó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé dé. Ìdùnnú padà sí Òkè-Àpáta. Tíṣà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pàdánù sáátífíkéètì wọn, kí oníkálukú lọ gun àpáta tirẹ̀. Wọ́n yọ Jethro nípò igbákejì, wọ́n sì fi ìwé ẹ̀sùn sínú fáìlì rẹ̀ títí di ìgbà tí wọn yóò dá ẹjọ́ rẹ̀. Ìṣó tí hẹ́dímásítà ti kàn mọ́ ògiri de àmì-ẹ̀yẹ ṣì wà níbẹ̀, ó fi ń kọ́ fìlà. Kò sẹ́ni tó kí Jethro mọ́ dáadáa. Àáró fọ́. Koríko yọ lóko rẹ̀, ó dé orúnkún, dókítà sì ti ní kó má ṣe iṣẹ́ agbára.

Sátidé kan ní oṣù kẹfà, ó lọ síbẹ̀, ó dúró, ó ń wò ó. Ó gbọ́ ìró ọkọ́ ní ìpẹ̀kun poro kejì. Ìdùnnú ló tẹ̀ síbẹ̀, ó so gèlè mọ́dìí, ó ti ro ebè bíi mẹ́wàá.

Ojú Jethro kún fómi. "Ọmọ mi, o ti dárí jì mí nìyẹn?"

"Rárá, Bàbá," Ìdùnnú wí, kò gbójú sókè. "Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo máa dárí jì yín. Bí mo bá rántí omi yẹn, inú á tún bí mi. Àáró ni mo wá ṣe."

"Àáró kẹ̀? Kí ni mo ní tí mo lè fi san án?"

"Ẹ ṣe kọ́ọ̀sì yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Èmi ò rí i lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kíláàsì mi ni yóò kàn."

Bí Jethro ṣe lọ jókòó sí kíláàsì Ìdùnnú nìyẹn, láàárín ọmọ méjìlélọ́gọ́ta, nínú ooru. Ó dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó fi ìró hàn wọ́n, ó ṣì í wí, ó padà sẹ́yìn, ó tún un ṣe. Ìdùnnú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń dá a dúró: "Ẹ tún ìyẹn ṣe, Bàbá, kò yé mi." Títí aago fi lù, ọmọ mẹ́ta ló ti ń so ìró mọ́ ìró, àwọn yòókù ń wò wọ́n. Jethro gbọn ẹfun lọ́wọ́. Òógùn ti mú un, inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á, kò mọ èwo ló pọ̀ jù.

"Ìdùnnú," ó wí, "ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ìdùnnú wo àwọn ọmọ, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Rárá, Bàbá," ó wí. "Ẹ padà wá lọ́la."